Gbèsè Tí Mo Ti San Tán

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ẹ̀rí mi. Kì í ṣe ẹ̀rí ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni, mo sì fi pamọ́ fún ọkọ mi títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ da ilé wa rú.

Ọmọ Kábà ni mí, ẹja inú fíríísà ni mò ń tà ní Gánájà, ní Lọ́kọ́jà níbí. Nígbà tí odò Ọya àti Bẹ́núé kún bo ìlú ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, omi wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ba fíríísà jẹ́, ó ba ọjà jẹ́. Nígbà tí omi fà, mo lọ sí báńkì láti yá owó tí n óò fi bẹ̀rẹ̀ padà. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ mi kò dára, wọn ò sì ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àyà mi já. Ṣáájú ìgbà náà, mo ti yá owó kan lórí fóònù láti fi san owó iléèwé àwọn ọmọ, láìjẹ́ kí bàbá wọn gbọ́. Mo ti san án tán, towó tèlé, ṣùgbọ́n ìtìjú rẹ̀ ò kúrò lára mi. Nígbà tí ọkọ mi bi mí pé kí ló dé tí báńkì fi kọ̀, mo ní wọn ò ka àwa tí omi ba ọjà wa jẹ́ sí ni. Irọ́ ni. Mi ò sì rí oorun sùn.

Àbúrò mi tó mọ̀ nípa ìwé owó ló là mí lọ́yẹ. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀tọ́ yín ni kí ẹ rí ìwé àkọsílẹ̀ gbèsè yín.” Òfin tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọṣínbàjò fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, nígbà tó ń ṣe adelé ààrẹ, ló fún wa ní ẹ̀tọ́ yìí: ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi CRC àti FirstCentral, tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà (CBN) fún láṣẹ, ló ń kó àkọsílẹ̀ yìí jọ. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ báńkì (BVN) ni wọ́n fi ń so gbogbo owó tí èèyàn yá pọ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀.

Mo béèrè fún tèmi, èmi àti àbúrò mi jọ kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan: ẹni tó yá mi lówó, iye rẹ̀, ìgbà tí mo yá a, èyí tó kù, títí kan orúkọ àwọn tó ti béèrè nípa mi. Gbèsè báńkì tó bá ti kọjá 90 ọjọ́ lẹ́yìn àdéhùn, wọ́n á kà á sí gbèsè tó ń ṣòro. Tó bá ju 360 lọ, wọ́n á kọ “lost” sí i, pé owó ti sọnù. Ohun tí wọ́n kọ síwájú owó tí mo ti san tán nìyẹn! Mo sunkún.

Láyé àwọn ìyá wa, òṣómàáló, oníṣòwò tó ń tajà láwìn, á lóṣòó síwájú ilé onígbèsè, gbogbo àdúgbò á rí i. Tí ó bá gbowó rẹ̀ tán, á dìde, gbogbo àdúgbò náà á sì rí i pé ó ti lọ. Èyí tó lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà tèmi, èmi gan-an ò rí i.

Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ni àkọsílẹ̀, mo kọ sí ẹni tó yá mi lówó, mo so rìsíìtì gbogbo owó tí mo san mọ́ ọn. Àṣé ẹni tó yá mi lówó ò tíì ròyìn pé mo ti san án. Wọ́n tún un ṣe. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo gbọ́ pé wọ́n ti tún un ṣe, mo jẹ́wọ́ fún ọkọ mi. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, “Ìyá Bọ́lá, kí ló dé tí o fi dá a rù?”

Ẹ̀yin ìyá ọjà ní Gánájà, ní Adánkólo, ní Kpátá, gbèsè tó bá jẹ́ òótọ́, ẹ jẹ́ ká san án. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2020 pàápàá, báńkì lè yọ owó tí a jẹ ẹ́ nínú àkáǹtì tí a ní ní báńkì mìíràn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti san án, ẹ gba ìwé pé ẹ ò jẹ gbèsè mọ́, kí ẹ sì fi pamọ́. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá fẹ́ yáwó kí ẹ tó béèrè àkọsílẹ̀ yín. Ẹ béèrè fún un lọ́dún yìí.