‘Free’ tí wọ́n ń pè ní ọ̀fẹ́: ta gan-an ló ń sanwó ẹ̀?

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò tíì gbọ́ ‘free’ rí, ìbáà jẹ́ ẹni tí kò wọ ilé-ìwé lọ́jọ́ kan. Awakọ̀ Ṣàgámù á ní òun gbé ẹnì kan ní ‘free’. Ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, wọ́n á ní ó ti ‘free’. Ọmọge tí kò fẹ́ wàhálà á ní, “Free mi, jàre!”

Ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan ṣoṣo ni o, àmọ́ Yorùbá ya iṣẹ́ ẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí wọn kò gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, òmìnira ló ní. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ dilẹ̀, ó ráyè. Èyí tó sì já bọ́ síni lọ́wọ́ láìlólówó, awúùfù làwọn ọmọ ìta ń pè é.

Ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀ á ṣìnà. Àwọn aláwàdà máa ń sọ pé kò sí ohun tó jẹ́ ‘free’, kódà ní Freetown. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí ọjà ọ̀fẹ́ ni wọ́n ṣe sọ olú ìlú Sàró lórúkọ yẹn ní 1792. Àwọn tó bọ́ lóko ẹrú ló tẹ̀dó síbẹ̀. Òmìnira ni ‘free’ tiwọn.

‘Free’ tó wá kan Rẹ́mọ jù ni ti ilé-ìwé. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n ti bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1909. Bàbá ẹ̀ kú ní 1920, ló bá di pé ọmọ náà ń ṣe oríṣìíríṣìí iṣẹ́ kó tó rówó ilé-ìwé san. Nígbà tó di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní January 17, 1955. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n jẹ́ nǹkan bíi 457,000 ní 1954 lé ní 811,000 lọ́dún náà.

Àmọ́ kó tó dìgbà yẹn, ìjọba ti ní káwọn tó ń san owó-orí fi ṣílè mẹ́wàá àti sísì kún un, fún ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ni ariwo bá ta. Ọ̀fẹ́ wo ló tún ń gba ṣílè? Nígbà ìbò àpapọ̀ 1954, NCNC lù Action Group ní Ìwọ̀-Oòrùn níbẹ̀, owó-orí yẹn sì wà lára ohun tó fà á.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀fẹ́ yẹn kì í ṣe awúùfù. Ọmọ tí kò ní bàbá mọ́ kò ní í dá ru owó ilé-ìwé ẹ̀, gbogbo ìlú ni yóò bá a ru ú. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ìyá àgbà kan tó ń ta obì ní Ṣàgámù fi yé tíṣà kan. Wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ ẹ̀ mú owó kan wá sílé-ìwé ìjọba, màmá bá lọ béèrè.

“Ìyá, ẹ má bínú,” ni tíṣà wí. “Ṣebí ọ̀fẹ́ lẹ ń jẹ látọjọ́ yìí, kékeré yìí kò pọ̀ jù.”

“Tíṣà, ẹ ṣeun o,” ni màmá dáhùn. “Ṣé ẹ̀yin lẹ ń bá mi san tíkẹ́ẹ̀tì ọjà ni? Mo ti sanwó tèmi kí ọmọ yìí tó dé ọ̀dọ̀ yín.”

Tíṣà kò rí èsì fọ̀. Òfin ẹ̀kọ́ 2004 kúkú wà lẹ́yìn màmá: ọ̀fẹ́ ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ nílé-ìwé ìjọba, ẹni tó bá sì gbowó lòdì sí i ti dá ọ̀ràn. Òfin náà ló ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sí ètò yìí. Owó ta ni? Owó ará ìlú ni.

Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn mọ èyí tí wọ́n ń wí. Ẹni tó gbà pé awúùfù ni kì í lè béèrè bí òrùlé bá ń jò tàbí bí àga kò bá tó. Ẹni tó mọ̀ pé òun ti sanwó, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ló ń béèrè, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ pè é ní alábàárà.