Láti Ìdí Ìgò dé Fásitì: Ohun Tí Àgbà Kan Rí Nídìí Iṣẹ́ Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀

Bí ẹ bá bi àgbà yìí léèrè ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ṣẹ̀ ní Nàìjíríà, kò ní dárúkọ fásitì kankan. Yaba ni yóò pè. Ibẹ̀ ni àwọn olùwádìí àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà pàgọ́ sí ní 1925, tí wọ́n ń wá okùnfà ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ní 1927 wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, tó di Gánà lónìí, wọ́n sì gún un sí ara ọ̀bọ ilẹ̀ Íńdíà. Asibi yè é, ọ̀bọ ló kú. Láti inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D ní 1937, òun náà la ṣì ń gbà títí dòní. Adrian Stokes, dókítà ará Ireland tó wà nídìí ìwádìí náà, kó àrùn ọ̀hún, ó sì kú sí Èkó ní oṣù kẹsàn-án 1927.

"Ìwé dárúkọ Stokes," ni àgbà náà wí. "Àwọn ọmọ wa tó ń fọ ìgò, tó ń di ọ̀bọ mú, ta ló mọ̀ wọ́n?"

Àwọn afọgò yẹn ló kà sí baba ńlá rẹ̀ nídìí iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílùú Òyìnbó. Ní 1912 ni àwọn ọmọ iṣẹ́ inú láàbù níbẹ̀ kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ náà sì di Institute of Medical Laboratory Technology ní 1942. Ìdánwò wọn ni àwọn ará ibí ń ṣe kí òfin ológun tó dá irú àjọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún Nàìjíríà ní 1968.

Abẹ́ àjọ tuntun yẹn lòun wọṣẹ́ ní Ìbàdàn, láàárín àwọn ọdún 1970. Kò sí pé ẹnì kan ń lọ gba dìgírì. Ilé ìwòsàn ló gbà wọ́n síṣẹ́. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, wọ́n ń kàwé lálẹ́, wọ́n ń ṣe ìdánwò Associate, lẹ́yìn náà Fellowship. Ọ̀gá kì í jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ máíkírósíkóòpù títí wọ́n á fi mọ sláìdì fọ̀ mọ́ tónítóní, tí wọ́n á sì mọ aró Giemsa pò bí aláró ṣe mọ ìkòkò rẹ̀.

Àyẹ̀wò ibà ló máa ń fi ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́. Wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sórí sláìdì, á gbẹ, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú aró, wọ́n á kán òróró lé e, awò á sì sọ ọ́ di ńlá ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Ibi tí ojú lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ń pè ní fíìdì. Bí kòkòrò ibà kan sí mẹ́wàá bá wà nínú fíìdì 100, pílọ́ọ̀sì kan ni. 11 sí 100, pílọ́ọ̀sì méjì. Bó bá ju mẹ́wàá lọ nínú fíìdì ẹyọ kan, ó di mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ pé òun kò rí nǹkan kan gbọ́dọ̀ ti wo fíìdì 100, ó kéré tán.

"Ọrùn á máa ro èèyàn," ó ní. "Ibẹ̀ ni ọ̀lẹ ti ń kọ pílọ́ọ̀sì kan, kó lè tètè lọ jẹun."

Nígbà tí fásitì gba iṣẹ́ náà, inú rẹ̀ dùn, nítorí ó ti rí ọ̀gá tó ní Fellowship tí wọ́n fi sábẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba dìgírì. Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ náà báyìí, ní LAUTECH àti àwọn fásitì mìíràn: ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí, ẹ̀jẹ̀ àti ìfàjẹ̀sínilára, àwọn èròjà inú ara, àti ẹran ara tí wọ́n gé fún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn rẹ̀, ọdún kan nílé ìwòsàn, kí wọ́n tó lọ sìnrú ìlú. Òfin 2003 ló gbé àjọ MLSCN dìde láti máa fún wọn níwèé àṣẹ.

Ohun tí fásitì ṣe kò kéré. Láàbù LUTH, ilé ìwòsàn fásitì Èkó, ló rí àìsàn Ebola lára èrò ọkọ̀ òfuurufú tó wọ Èkó ní 2014. Ní oṣù kẹta 2020, láàbù fásitì Redeemer's ní Ẹdẹ ka àkójọ jíìnì kòkòrò Kòrónà tó wọ Nàìjíríà, èyí àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Kò sẹ́ni tó lè kọ́ ìyẹn nídìí ìgò fífọ̀.

Àmọ́ ohun kan ń bí i nínú: èsì "ibà àti táífọ́ọ̀dù" tí láàbù ẹ̀gbẹ́ títì ń kọ fún gbogbo ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná. Àyẹ̀wò Widal, tó ti wà láti 1896, ni wọ́n ń lò. Kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Ohun tí ara fi ń bá kòkòrò jà ló ń wá, ẹni tó ti ní táífọ́ọ̀dù rí tàbí tó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì lè ní in lára. Èyí tó dájú ni kí wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò, kí wọ́n wò ó fún ọjọ́ mélòó kan bóyá kòkòrò á hù.

Ẹ̀bẹ̀ tó ní kí a bá òun bẹ ẹ̀yin òǹkàwé rèé: bí ẹ bá dé láàbù, ẹ wo ìwé àṣẹ MLSCN lára ògiri kí ẹ tó na apá. Bí wọ́n bá sì ní táífọ́ọ̀dù ni kí wákàtí kan tó pé, ẹ béèrè bóyá wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ yín.