Ohun Tí A Ń Tẹ́ Sábẹ́ Gàárì

Ìpele kì í ṣe ìlú ẹlẹ́ṣin. Ẹni tó bá mọ ìlú wa yìí, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, mọ̀ pé kòkó, obì, iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni a fi ń mọ̀ wá. Bí a bá wáá sọ pé ọ̀rọ̀ aṣọ tí a ń tẹ́ sábẹ́ gàárì ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ, àwọn kan lè ní kí ló kan àfáà ilé kéwú nínú ọ̀rọ̀ ẹṣin. Ó kàn wá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ọmọ bá parí Kùránì, tí a fẹ́ ṣe wòlímátù fún un, òbí tí agbára rẹ̀ bá ká a a máa fẹ́ kí ọmọ òun gun ẹṣin yí ìlú ká. A ó wé láwàní fún ọmọ, a ó gbé e gorí ẹṣin, ìlù yóò máa dún, àwọn ìyá yóò máa jó níwájú. Ojú gbogbo wa a wà lára ọmọ. Ta ní ń wo ẹ̀yìn ẹṣin?

Ìdí tí ẹṣin fi ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa kò le. Igbó ni. Eṣinṣin kan wà nínú igbó, tí àwọn òyìnbó ń pè ní tsetse, tí ń mu ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń gbé àrùn láti ara ẹran kan dé ara òmíràn. Ẹṣin tí àrùn yìí bá mú yóò máa ṣe ibà, yóò máa rù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò máa gbẹ, bí a kò bá sì tètè pe dókítà ẹran yóò kú. Èyí wà lára ohun tí kò jẹ́ kí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́, tí wọ́n ń ra ẹṣin láti òkè Ọya, lè fi ẹṣin jagun wọ inú igbó lọ títí. Nítorí náà, púpọ̀ nínú ẹṣin tí ẹ ń rí níbi wòlímátù lágbègbè wa, ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e wá, ọkọ̀ akẹ́rù náà ni yóò gbé e padà.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kéwú lọ́dọ̀ wa pinnu pé òun yóò ní ẹṣin tòun. Ó fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́ ọdún mélòó kan, ó kó owó náà jọ, ó sì ra ẹṣin kan tó ti dàgbà díẹ̀, tòun ti gàárì àti ìjánu rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó ti òkè wá. Wòlímátù, ìgbéyàwó, Iléyá, ibẹ̀ ni ó ń gbé e lọ. Láti Ìpele dé Ọ̀wọ̀, nígbà mìíràn títí dé Ìdóàní. A kò bú u pé kò fi owó náà ra ilẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni iṣẹ́ ọwọ́ ẹni. Ohun kan ṣoṣo tó fi owó ara rẹ̀ rà tuntun ni ohun ìtẹ́sábẹ́ gàárì: àrán pupa tó ń dán, wájawàja oníwúrà yí i ká, fóòmù ló wà nínú rẹ̀. Ó lẹ́wà, a kò purọ́.

Níbi wòlímátù ọmọbìnrin kan ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Bí wọ́n ṣe gbé ọmọ náà lé gàárì, ẹṣin tẹ ẹ̀yìn wálẹ̀, ó ká etí mọ́ orí, ó sì yí ọrùn padà láti gé ẹni tó di ìjánu mú jẹ. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn àbúrò bàbá ọmọ tí wọ́n yára gbé e sọ̀kalẹ̀. Ọmọ ń sunkún, àwọn kan ní wèrè ni ẹṣin náà, àwọn mìíràn ní ẹnìkan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. A ní kí wọ́n tú gàárì. Nígbà tí wọ́n ṣí àrán pupa náà kúrò, irun ti họ dànù lápá ọ̀tún àti lápá òsì òkìtì tó wà láàrin èjìká ẹṣin, níbi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn. Ọgbẹ́ tútù kan wà níbẹ̀ tó tó ìdérí ìgò. Ẹnikẹ́ni kò nídìí ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ̀yìn ló ń dun ẹran.

Ọmọ wa yìí kúnlẹ̀, ó ní, “Àfáà, ẹ má bínú. Mo ti mọ ohun tí màá ṣe. Màá ra fóòmù míì, màá fi lé èyí lórí, yóò sì rọ̀ ọ́ lẹ́yìn.”

A bi í pé, “Bí bàtà bá fún ọ lẹ́sẹ̀ títí tó bó ọ, ṣé ìbọ̀sẹ̀ kejì ni wàá wọ̀ kún un?”

Kò lè dáhùn. Ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í. Wọ́n rò pé bí ohun tí a tẹ́ bá ṣe nípọn tó ni ara yóò ṣe tu ẹṣin tó. Bẹ́ẹ̀, bí gàárì bá ti fún tẹ́lẹ̀, ńṣe ni ìtẹ́sábẹ́ tó nípọn yóò túbọ̀ fún un. Bí gàárì bá gbòòrò jù díẹ̀, ìtẹ́sábẹ́ tó nípọn lè ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá wáá jẹ́ pé gàárì kò bá ẹ̀yìn náà mu rárá, kò sí aṣọ tí a lè tẹ́ tí yóò tún un ṣe.

Nígbà tí a wà lọ́mọ kéwú ní Ìlọrin, ilé ẹlẹ́ṣin kan wà lẹ́bàá ibi tí à ń gbé, bàbá arúgbó kan ló sì ń tọ́jú àwọn ẹṣin níbẹ̀. Bí a bá ti dájú wàláà tán, a máa ń lọ bá a gbé omi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ pé kì í ṣe ọ̀pá ẹ̀yìn ẹṣin ló yẹ kó ru gàárì. Ẹran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn lọ́tùn-ún lósì, èyí tó jókòó lé egungun ìhà lórí, ni kó rù ú. Kí afẹ́fẹ́ máa gba orí ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá. Egungun ìhà 18 ni ẹṣin ní lápá kọ̀ọ̀kan, gàárì kò sì gbọdọ̀ kọjá èyí tó kẹ́yìn. Bí ẹni tí ń gùn ún bá ti jókòó, ó yẹ kí ìka méjì tàbí mẹ́ta lè wọ àárín òkìtì èjìká ẹṣin àti ojú ihò gàárì níwájú. Gàárì ti ilẹ̀ Hausa, tí púpọ̀ nínú àwọn ẹlẹ́ṣin wa ń lò, igi ni eegun rẹ̀, awọ ni wọ́n fi bò ó, ó ga níwájú, ó ga lẹ́yìn. Igi kì í tẹ̀ bá ẹran. Ìdí nìyí tí ohun tó wà láàrin igi àti ara ẹran fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni ká wáá tẹ́, bí owó kò bá pọ̀ lọ́wọ́? Ohun tí à ń wá ni èyí tí yóò fa òógùn mu, tí kò ní gbóná jù, tí kò ní rá, tí kò ní ká jọ, tí a ó sì lè fọ̀.

Fóòmù ló wọ́pọ̀ jù nítorí pé àjákù rẹ̀ kún ilé àwọn tí ń rán àga. Ó rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí a bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ́jà. Ṣùgbọ́n bí ìwúwo ènìyàn bá wà lórí rẹ̀ fún wákàtí kan, yóò pẹlẹbẹ bí àmàlà àná, ooru yóò sì há sábẹ́ rẹ̀. Àrán tó bo ti ọmọ wa tún ń yọ̀, gàárì sì ń sún síwájú sẹ́yìn lórí rẹ̀ bí ẹṣin ti ń rìn. Ìyọ̀ yẹn wà lára ohun tó họ irun ẹran náà. Àpò ìrẹsì oníke, tí àwọn kan ń ká sábẹ́ gàárì, burú ju fóòmù lọ: kì í mu omi, etí rẹ̀ a sì máa gé ara.

Àwọn kan dábàá awọ àgbò Iléyá. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí, nítorí pé a ń jókòó lé e, a sì ń kírun lórí rẹ̀, àti pé ní Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà awọ àgùntàn wà lára ohun tó dára jù tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ gàárì. Ṣùgbọ́n ẹ wo àgùntàn tiwọn, kí ẹ wo tiwa. Tiwọn ní irun tó ki, tó ká bí òwú, tí a bá tẹ̀ ẹ́ yóò tún gbéra. Àgùntàn ilẹ̀ wa, ìbáà ṣe kúkúrú inú igbó, ìbáà ṣe àgbò gàgàrà tó ti òkè wá, irun pẹlẹbẹ bíi ti ewúrẹ́ ló ní. Kì í gbé nǹkan ró. Bí òógùn bá sì rin awọ náà tó gbẹ, yóò le gbagidi. Ẹ jẹ́ ká máa kírun lórí rẹ̀ lọ. Òwú àràbà náà, tí wọ́n ń kì sínú aṣọ ogun ẹṣin tí àwọn Hausa ń pè ní lífídì, kì í mu omi. Fún aṣọ ogun ló dára, kì í ṣe fún òógùn.

Irun àgùntàn tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra títí ó fi ki ni ọ̀gá gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ta ni yóò rà á ní Ìpele? Ohun tó sún mọ́ ọn tí a rí ni búláńkẹ́ẹ̀tì àlòkù onírun àgùntàn, èyí tí ń bọ̀ nínú òkìríkà. A fi ọwọ́ pa á, a sì jó fọ́nrán kan nínú rẹ̀ wò: irun gidi ń rùn bí irun orí tó jóná, ayédèrú ń yọ́ bíi ráb̀à. Èyí tó máa fara kan ẹran gan-an ni a wáá rí lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ìyẹn kíjìpá. Àwọn ìyá wa ní Ọ̀wọ̀ àti agbègbè rẹ̀ ti ń hun ún lórí òfì ìdúró láti ayébáyé. Òwú ni, ó nípọn, ó ń mu omi, kì í tètè gbó. Ìyá àgbà tí a bá lọ́dọ̀ fún wa ní ògbólógbòó kan. Nígbà tó gbọ́ ohun tí a fẹ́ fi ṣe, ó pa òṣé, ó ní, “Kíjìpá tí mo fi pọn ọmọ mẹ́fà, ẹṣin ni yóò wá jogún rẹ̀!” Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín, kò sì gba ju owó ọṣẹ lọ. Gbogbo owó tí a ná, pẹ̀lú ti aránṣọ, kò tó ìdajì owó àrán pupa.

Bí a ṣe rán an nìyí. Kíjìpá wà nísàlẹ̀, ìṣẹ́po búláńkẹ́ẹ̀tì méjì wà lórí rẹ̀. Ó fi nǹkan bí íǹṣì 2 gùn ju gàárì lọ yíká, kí etí gàárì má baà tẹ etí aṣọ. Aránṣọ fẹ́ fi okùn tó nípọn ran àárín rẹ̀, a kọ̀, nítorí orí ọ̀pá ẹ̀yìn ni ojú ìrán náà yóò bọ́ sí. Bí a bá tẹ́ ẹ tán, tí a gbé gàárì lé e, a ó fi ọwọ́ fa iwájú aṣọ náà sókè wọ inú ihò gàárì, kó má fún òkìtì èjìká pa. Síwájú díẹ̀ ni a ti ń gbé e lé ẹ̀yìn, kí a tó fà á sẹ́yìn, kí irun lè sùn bó ti hù. Kí a tó tẹ́ ẹ rárá, a ó gbá ẹ̀yìn ẹṣin mọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ kan ṣoṣo tó há sábẹ́ rẹ̀ ti tó ìyà. A ó máa fọ̀ ọ́, a ó ṣan ọṣẹ kúrò dáadáa, a ó sá a kó gbẹ. Ẹṣin méjì kò gbọdọ̀ jọ lo ọ̀kan, nítorí làpálàpá ń ti ibẹ̀ ràn.

Àrán pupa ńkọ́? A kò ní kó jù ú nù. Ẹni tó bá ti dé Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tó rí àwọn ìdílé Balógun bíi ti Kúkù àti Ọdúnúgà lórí ẹṣin wọn, mọ̀ pé ọ̀ṣọ́ ẹṣin kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kó fi bo orí gàárì níbi tí ojú ti lè rí i. Ohun tí ojú kò rí lábẹ́ ni kó kọ́kọ́ náwó lé.

Èyí tó le jù ni pé kò sí ìtẹ́sábẹ́ tí a lè fi lé ọgbẹ́. Dókítà ẹran fún un lóògùn, ó ní kí gàárì má kan ẹ̀yìn náà títí awọ yóò fi dí tí irun yóò fi hù. Iléyá kù díẹ̀. Ìyẹn ni ìgbà tí ọmọ wa ń retí owó tí yóò fi san gbèsè oúnjẹ ẹṣin. Ó wá bá wa lóru, ó ní, “Àfáà, ọjọ́ kan péré ni.” A kò gbà fún un. Bàbá kan tó ti san àsansílẹ̀ sì bínú sí wa ní gbangba, pé a ba ayẹyẹ ọmọ òun jẹ́. A rán an létí pé Ànábì wa kìlọ̀ fún wa kí a má ṣe sọ ẹ̀yìn ẹran di mínbárì, bẹ́ẹ̀ lórí ẹṣin yìí ni àwọn àgbàlagbà ń jókòó sí ya fọ́tò títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Àwọn olùtọ́jú ẹṣin a máa sọ pé ẹrù ẹṣin, pẹ̀lú gàárì, kò yẹ kó kọjá ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ara rẹ̀. Ẹṣin tó bá wọn kílò 300, kílò 60 ni tirẹ̀. Ẹ wo bàbá alágbádá mẹ́ta, kí ẹ ṣírò rẹ̀. Bàbá náà kò dá wa lóhùn. Ọmọ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn lọ́jọ́ náà, gbogbo ọmọ kéwú sì bá a rìn.

Nígbà tí ẹṣin san, a ní kí wọ́n gùn ún fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, lẹ́yìn náà a tú gàárì, a sì ka ẹ̀yìn rẹ̀ bí bàbá Ìlọrin ti máa ń kà á. Ibi tí òógùn bá rin dọ́gba, ibẹ̀ dára. Ibi tó bá gbẹ fúrúfúrú láàrin ibi tó tutù, ó lè jẹ́ pé gàárì kò kàn án, ó sì lè jẹ́ pé ó tẹ̀ ẹ́ jù tí òógùn kò fi rí ọ̀nà jáde. Ọwọ́ ni a fi ń mọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì. Ti ẹṣin yìí, ibì kan tó gbẹ wà lẹ́yìn èjìká ọ̀tún, tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. A ti ọwọ́ bọ abẹ́ gàárì, a bá igi tó yọ gọ́nbọ́ lábẹ́ awọ. Káfíńtà kan tú awọ náà, ó fá igi náà díẹ̀díẹ̀, ó sì ran awọ padà. Nígbà tí wọ́n tún gùn ún, ibẹ̀ tutù bí ìyókù.

Ẹṣin náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Irun tó hù sí ojú ọgbẹ́ funfun ni, bó ti máa ń rí níbi tí gàárì bá ti ba ẹ̀yìn jẹ́, kò sì ní dúdú mọ́. Àwọn ọmọ kéwú wa a máa béèrè bóyá ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún.