Ère Dáfídì ní Ìlú Florence: Ìmọ́tótó Tí Kò Ba Nǹkan Jẹ́

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, bí ẹ bá dé ìlú Florence ní ilẹ̀ Ítálì, ẹ ó rí ère ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan ní ìta gbangba, níwájú ààfin àtijọ́ tí à ń pè ní Palazzo Vecchio. Oòrùn ń pa á, òjò ń pa á, ẹyẹlé sì ń bà lé e lórí. Ọ̀pọ̀ àlejò a máa rò pé Dáfídì tí Michelangelo gbẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó tàn yín jẹ. Àwòkọ ni, ọdún 1910 ni a gbé e síbẹ̀. Ojúlówó wà nínú ilé ọnà Accademia, tí kò jìnnà sí ibẹ̀. Ìdí tí a fi gbé e wọ abẹ́ òrùlé kọ́ni lọ́gbọ́n púpọ̀.

Òkúta mábìlì funfun láti Carrara ni a fi gbẹ́ ère yìí. Ọmọ ọdún 26 ni Michelangelo nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ọdún 1501. Gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 17. Ní ọdún 1504 ni wọ́n gbé e dúró sí ìta, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di ọdún 1873.

Ohun tí ojú rẹ̀ rí kò kéré. Ní ọdún 1527, nígbà tí ìjà ìgboro bẹ́ sílẹ̀, apá rẹ̀ òsì ṣẹ́ sí mẹ́ta. Ọdún 1543 ni a tó tún un ṣe. Òjò ń jẹ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Imí-ọjọ́ tí ó wà nínú èéfín ń sọ ojú mábìlì di irú ohun funfun ẹlẹgẹ́ tí àwọn dókítà fi ń di ẹsẹ̀ tí ó kán. Nígbà tí ó yá, wọ́n rí i pé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sán.

Ṣùgbọ́n ìpalára kan wà tí kì í ṣe ti òjò tàbí ti ìjà. Ìfẹ́ ìmọ́tótó ni ó fà á. Ní ọdún 1843, wọ́n ní kí oníṣẹ́ ọnà kan, Aristodemo Costoli, fọ ère náà. Ásíìdì ni ó fi fọ̀ ọ́. Ìdọ̀tí lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìda tí wọ́n fi pa á lára láti dáàbò bò ó bá a lọ, ojú òkúta náà sì di hágahàga. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ẹ ju èèpo ẹyin sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ ó rí i tí yóò máa hó, tí yóò sì máa yọ́. Ohun kan náà ni ó pọ̀ jù nínú èèpo ẹyin, ìkarahun ìgbín àti mábìlì.

Nígbà tí ère náà fẹ́ pé ọdún 500, wọ́n tún gbèrò láti fọ̀ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí wọn kò kánjú. Àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò. Obìnrin ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, Agnese Parronchi. Ó ní búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti òwú gbígbẹ ni kí a lò, kí omi má kàn án. Àwọn aláṣẹ ní ọ̀nà olómi ni ó dára jù. Kàkà kí ó ṣe ohun tí ọkàn rẹ̀ kò gbà, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 2003. Obìnrin mìíràn, Cinzia Parnigoni, ni ó gbà á. Ó tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ara ère náà, ó sì fi amọ̀ àti omi tí kò ní iyọ̀ kankan nínú lé e, kí ó lè máa fa ìdọ̀tí jáde díẹ̀díẹ̀. Ọdún 2004 ni ó parí rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: àwọn méjèèjì kò fohùn ṣọ̀kan lórí omi, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó dárúkọ ásíìdì nínú wọn.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó fi mábìlì bo ibojì òbí wa nínú ọgbà ilé. Bí ọdún ìrántí bá kù sí dẹ̀dẹ̀, a ó ní kí àwọn ọmọ bá wa fọ̀ ọ́ kí ó lè dán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kàn án, ẹ má sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí bọ́rọ́ọ̀ṣì onírin fá a. Ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Bí ó bá sán, tàbí tí ojú rẹ̀ ń hó bí ìyẹ̀fun, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́. Bí ara rẹ̀ bá le, ẹ fi ohun rírọ̀ gbá eruku kúrò, lẹ́yìn náà omi lásán àti aṣọ mímọ́ ti tó. Bí àbàwọ́n díẹ̀ bá ṣẹ́kù, ẹ fi í sílẹ̀. Àbàwọ́n kò ní kí a má lè ka orúkọ tí a gbẹ́ sí ara òkúta, ṣùgbọ́n orúkọ tí ásíìdì bá ti jẹ, kò sí ẹni tí yóò lè kà á mọ́.