Ọwọ́ Tí Ó Mọ Ara Ajá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá ni òwe yìí ń bá wí. Kò bá ọdẹ wí rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní Festac, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ní Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó fi hàn pé ajá pẹ̀lú a máa fọn fèrè tirẹ̀, àti pé nígbà mìíràn, olówó ajá ni kì í gbọ́.

Bàbá kan ń gbé níbẹ̀, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó ń gbé wà lára àwọn tí ìjọba kọ́ nítorí àwọn àlejò àjọ̀dún àgbáyé iṣẹ́-ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, èyí tí ó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹẹrẹ sí ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé ọdún 1977. Ọmọ ọdẹ ni Bàbá. Nígbà tí ó wà ní kékeré ní abúlé, ajá mẹ́ta ni bàbá rẹ̀ ń sìn. Irun wọn kúrú, etí wọn dúró ṣánṣán, ìrù wọn sì ká sẹ́yìn. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mú ajá kan wá fún un kí ó lè rí alábàárìn, tí irun ajá náà dúdú, tí ó sì ká láti orí dé ìrù, ẹ̀rín ni Bàbá bú sí.

"Ajá lo mú wá fún mi ni, àbí àgùntàn òyìnbó?"

"Ajá ni, Bàbá. Poodle ni wọ́n ń pè é."

Àwọn ọdẹ a máa fi òwe sọ ajá wọn lórúkọ. Bàbá kò yà kúrò nínú àṣà yìí. Ó sọ ajá náà ní Tanímọ̀la.

Ohun tí Bàbá kò mọ̀ ni pé ọmọ ọdẹ bíi tirẹ̀ ni Tanímọ̀la. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Faransé ni òkìkí irú ajá yìí ti kàn jù, inú èdè Jámánì ni orúkọ rẹ̀ ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ kan tí ó jẹ mọ́ títa omi sókè. Bí ọdẹ bá yìnbọn fún pẹ́pẹ́yẹ igbó tí ó sì já sínú odò, ajá yìí ni yóò lúwẹ̀ẹ́ lọ gbé e wá. Irun kíká náà ni aṣọ òtútù rẹ̀. Àwọn ọdẹ a gé irun ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó má baà wúwo lómi, wọn a sì fi ti àyà àti ti oríkèé ẹsẹ̀ sílẹ̀ kí òtútù má baà mú un níbẹ̀. Àṣé ohun tí àwọn ènìyàn sọ di ẹ̀ṣọ́ lónìí, aṣọ iṣẹ́ ni tẹ́lẹ̀ rí. Kì í sì í ṣe òun nìkan. Irish Water Spaniel wà ní ilẹ̀ Ireland, Curly-Coated Retriever wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irú ti ilẹ̀ Potogí, Portuguese Water Dog, sì ni Bo, ajá tí ó wọ ilé ìjọba Amẹ́ríkà ní ọdún 2009 pẹ̀lú ẹbí Ààrẹ Obama.

Ibi tí ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ ni pé ìmọ̀ abúlé ni Bàbá fi ń sin ajá odò. Irun ajá ọdẹ ilẹ̀ wa kúrú. Èyí tí ó bá gbó nínú rẹ̀ a bọ́ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ a sì gbé e lọ. Irun Tanímọ̀la kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá bọ́ kì í kan ilẹ̀. Inú èyí tí ó ká ni í há sí, tí yóò sì máa lọ́ mọ́ ọn títí yóò fi di kókó. Bàbá kò ra ìyarun. Ó ní òun kò rí ajá tí ń lọ sọ́dọ̀ onídìrí rí. Ọṣẹ ìfọṣọ ni ó fi ń wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, oòrùn ni ó sì fi ń gbẹ ẹ́. Irun náà ń pọ̀ sí i, àwọn aládùúgbò ń yìn ín, inú Bàbá sì ń dùn.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Tanímọ̀la bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Ó ń họ ara, ó ń gbọn etí. Oúnjẹ tí ó máa ń jẹ tán di èyí tí ó ń jẹ dé ìdajì. Kò sáré pàdé Bàbá lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Bàbá wò ó, ó ní, "Ọ̀lẹ ni ọ́." Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ajá náà kò lè dìde.

Ọmọ-ọmọ Bàbá tí ó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọbìnrin tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ni ó kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ abíyá ajá náà. Irun ibẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀ bí ẹní. Nígbà tí ó fi ìka wá ọ̀nà gba abẹ́ rẹ̀, eégbọn ni ó bá, wọ́n tò bí ẹ̀wà. Ó la ẹnu ajá náà. Ẹ̀rìgì rẹ̀ funfun bí ẹfun.

Dókítà ẹranko tí wọ́n gbé e lọ bá ṣàlàyé pé kì í ṣe pé eégbọn mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìkan, wọ́n tún ti kó àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ náà. Ó fún un lábẹ́rẹ́, ó sì fi ẹ̀rọ fá gbogbo irun náà. Lábẹ́ ohun tí gbogbo àdúgbò ń yìn, egbò ni ó wà. Dókítà wo Bàbá, ó ní:

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ìgbà wo ni ẹ fọwọ́ kan ara rẹ̀ kẹ́yìn? Kì í ṣe irun rẹ̀ ni mo wí, sà. Ara rẹ̀."

Bàbá kò rí èsì fọ̀.

Ní òru ọjọ́ náà, ó jókòó ti ajá náà, kò mọ̀ bí ilẹ̀ yóò ṣe mọ́ bá a. Ó rántí àlọ́ tí gbogbo ọmọ Yorùbá gbọ́, ti ọdẹ tí àwọn ajá rẹ̀ mẹ́ta gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ikú nígbà tí ó há sórí igi. Àlọ́ náà sọ bí ajá ṣe gba ọdẹ là. Kò sọ ohun tí ọdẹ máa ń ṣe fún ajá ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá sì ti fi ojú ara rẹ̀ rí i. Bí bàbá rẹ̀ bá ti oko ọdẹ dé, kí ó tó fọwọ́ kan oúnjẹ, yóò pe àwọn ajá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sáàárín orúnkún rẹ̀. Yóò fi ọwọ́ wá inú etí, abíyá, abẹ́ itan àti àárín ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Yóò yọ ẹ̀gún, yóò yọ eégbọn. Kò pe iṣẹ́ náà ní orúkọ kankan. Bóyá nítorí pé kò lórúkọ ni ọmọ rẹ̀ ṣe gbàgbé rẹ̀.

Tanímọ̀la kò kú. Bí irun rẹ̀ ti ń hù padà, Bàbá ra ìyarun onírin àti búrọ́ọ̀ṣì, ó sì ya òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé sọ́tọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ti ìyarun bọ ìdí irun, ó fà á. Ajá náà ké.

"Bàbá àgbà, ẹ rọra," ni ọmọbìnrin náà wí. "A kì í ti ìdí bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ya irun tèmi báyìí, èmi náà á sunkún. Ẹnu irun la ti ń yà á wá sí ìdí."

Ó fi hàn án bí onídìrí ṣe ń la irun: kí a pín in sí ọ̀nà, kí a di èyí tí a kò tíì kàn mú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí àwọ̀ ara hàn, kí a tó yà á. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá kọjá tán, ìyarun ni yóò tẹ̀lé e. Ibi tí ìyarun bá ti há, kókó wà níbẹ̀. Ìka ni a fi ń tú kókó. Èyí tí kò bá tú, a ó fi sísọ́ọ̀sì gé e, pẹ̀lú ìyarun láàárín sísọ́ọ̀sì àti awọ ara.

Yíyà ni ó ń ṣáájú wíwẹ̀, nítorí pé omi a máa mú kókó le sí i. Omi tí wọ́n rà lọ́wọ́ mẹ́ruwà ni wọ́n ń lò. Ọṣẹ ajá ni wọ́n sì ń fi wẹ̀ ẹ́, wọn a ṣàn án títí omi yóò fi mọ́ gaara. Wọn a fi aṣọ ìnura tẹ omi kúrò, wọn kì í fi ra á, kí irun má baà tún lọ́ pọ̀. Wọn a sì rí i pé ó gbẹ dé ìdí, nítorí pé ọ̀rinrin Èkó a máa sọ irun tútù di egbò. Òwú ni wọ́n fi ń nu etí, wọn kì í kì í wọ inú ihò. Ṣónṣó èékánná nìkan ni wọ́n ń gé, kí wọ́n má baà kan ẹran inú rẹ̀. Bí wọ́n bá rí eégbọn, ẹ̀mú kékeré ni wọ́n fi ń dì í mú níbi tí ó ti wọ ara, wọn a fà á tààrà. Wọn kì í da kẹrosíìnì sí i.

Kì í ṣe gbogbo ajá onírun kíká ni a ń tọ́jú báyìí o. Curly-Coated Retriever kò fẹ́ búrọ́ọ̀ṣì lóòrèkóòrè. Irun rẹ̀ a wú bí òwú. Omi ni wọ́n fi ń rin ín, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń tẹ̀ ẹ́ padà sí kíká. Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi ní tirẹ̀ kò yọ ajá kankan sílẹ̀, ì báà ní irun kíká, ì báà ní irun kúkúrú.

Ní Sátidé kan, bí Bàbá ti ń ya irun lọ, ó dá ọwọ́ dúró. Ọmọ kan ni ó rántí, láti ìgbà tí ó ń kọ́ni. Aṣọ ilé-ìwé ọmọ náà a máa mọ́, wọn a lọ̀ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n a máa sùn ní kíláàsì ṣáá. Ọ̀lẹ ni Bàbá ń pè é lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ọmọ náà kò wá mọ́. Bàbá kò béèrè ìdí rẹ̀ nígbà náà, kò sì sí ẹni tí ó lè bi mọ́.

"Bàbá àgbà, ṣé ó ti rẹ̀ yín ni?"

"Rárá, ọmọ mi."

Ó fa Tanímọ̀la sáàárín orúnkún rẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ti í ṣe. Ó di ojú rẹ̀ méjèèjì, ó sì fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí etí.