Láàárín Bàbá àti Màmá

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ pe "Abúlé Ẹ̀gbá" kí ẹ fiyè sí ètè yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ètè òkè àti ti ìsàlẹ̀ máa pàdé: lórí b àti lórí gb. Ṣùgbọ́n ìpàdé méjèèjì ò rí bákan náà. Ètè nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ b. Ní ti gb, bí ètè ṣe ń pa dé níwájú ni ẹ̀yìn ahọ́n ń dí ọ̀nà ní àfàsé. Ìdí nìyẹn tí b fi jẹ́ afèjì-ètè-pè, tí gb sì jẹ́ afàfàséfètèpè.

Kọ́ńsónáǹtì 18 ni Yorùbá ní, afèjì-ètè-pè inú wọn ò ju méjì lọ: b àti m. Ẹ ò rí p níbẹ̀, àbí? P tiwa kì í ṣe ti Òyìnbó. Kp ni, ìbejì gb. Àwọn Ewe àti Fọ̀n tó múlé tì wá máa ń kọ k àti p pọ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo làwa fi ń kọ ọ́, torí a ò ní p mìíràn tó lè dà á rú.

Kí ló wá ya b sọ́tọ̀ lára m? Imú ni. Ẹ fọwọ́ dí imú yín, kí ẹ pe "màmá". Ó ti fẹ́ di "bàbá"! Ohùn kan náà ni, fáwẹ̀lì kan náà, ètè kan náà.

Nílé wa l'Abúlé Ẹ̀gbá, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò nìkan. Rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá àgbà mi lọ́dún tó kọjá, ètè wọn ò sì pa dé mọ́. Gb di g, p di k. "Pè é wá" di "Kè é wá". Ẹsẹ̀ méjì ni gb àti p dúró lé: bí ètè bá yẹ̀, ẹ̀yìn ahọ́n ṣì wà. B àti m ò ní ẹsẹ̀ kejì. Wọ́n lọ ráúráú ni. Afẹ́fẹ́ sì ń gba imú wọn jáde nígbà gbogbo báyìí, kò yan b, kò yan m.

Ìyá àgbà á bi mí pé, "Àá ẹ ńkọ́?" Bàbá ni, àbí màmá? Màá ní bàbá ti lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n á mi orí, wọ́n á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá tí kì í jẹ́ kéèyàn bá wọn parí gbólóhùn wá ń dákẹ́ nítorí ìbéèrè kékeré.

Lọ́jọ́ kan mo ní, "Ìyá àgbà, tó bá jẹ́ màmá lẹ ń bèèrè, ẹ fọwọ́ kan imú." Wọ́n wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì sókè, wọ́n kan imú: "Àá ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ sọ́jà, mà."

Ìdajì ẹnu ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà pé.

Nígbà tá a ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn, wọ́n sọ fún kọ̀ńdọ́ kan ní Òṣòdì pé "Aúlé Ẹ̀gá". Kọ̀ńdọ́ ò bèèrè lẹ́ẹ̀kejì: "Ẹ wọlé, màmá!" Ohùn ló gbọ́. Dùndún náà ò ní ètè, síbẹ̀ ó ń kini, ó ń búni, a sì ń gbọ́. Ṣùgbọ́n onílù mọ ibi tí agbára ohùn mọ: kì í fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ lóun nìkan, ṣe ló máa ń fi ọ̀rọ̀ mìíràn yí i ká. Ohùn nìkan ò lè ya bàbá kúrò lára màmá.

Àbẹ̀kẹ́ loríkì mi. Lẹ́nu ìyá àgbà báyìí, "Àẹ̀kẹ́" ni. B tó bọ́ yẹn, inú "bẹ̀" ló ti bọ́. "Kẹ́" ò lọ síbì kankan. Láràárọ̀ ni wọ́n ń fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí wọ́n ń tiraka láti pa ètè pọ̀ bí àwọn olùtọ́jú ṣe kọ́ wọn. Tí b bá padà, a ó yọ̀. Kó tó dé, Àẹ̀kẹ́ ni mò ń jẹ́.