Ohun tí Òṣùwọ̀n Kò Lè Sọ

Inú gbogbo wa dùn ní ọjọ́ tí òṣùwọ̀n fi hàn pé ọmọ àbúrò mi ti fi kílógíráàmù kan lé sí i láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ ọdún méjì ni. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni ó ń gbé láti ìgbà tí àbúrò mi ti gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ tí ó sì ti padà sí ẹnu iṣẹ́ ní Èkó. Èmi olùkọ́ ni mo gba káàdì ìwọ̀n rẹ̀, tí mo sàmì tuntun sí i, tí mo sì ń ṣàlàyé fún ìyá mi bí ìlà náà ti ń gòkè, bí ẹni tí ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní.

Irú káàdì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, a máa wọn àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé, a sì máa sàmì ìwọ̀n wọn sórí ìwé, kí àwọn ìyá lè fi ojú ara wọn rí i bóyá ọmọ ń dàgbà tàbí ó ń rù. Irú káàdì náà ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé ọmọ dé iwájú nọ́ọ̀sì, kò tilẹ̀ wo àmì tí mo fi ń yangàn. Ẹsẹ̀ ọmọ ni ó wò. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà, ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Ojú ibẹ̀ kò padà. Ó jin kòtò bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka tẹ amọ̀ tútù.

“Ìyá, kí ni ẹ ń fún un jẹ?”

“Ògì ni, ọmọ mi, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ó máa ń mu ún dáadáa.”

“Ẹ̀wà ńkọ́? Ẹja? Ẹyin?”

Ìyá mi dákẹ́.

“Omi ni ó kún inú ara rẹ̀, ìyá. Kì í ṣe ẹran.”

Eegun, ẹran ara, ọ̀rá àti omi, gbogbo wọn ni òṣùwọ̀n ń wọ̀n pọ̀, kò sì mọ èwo ni èwo. Mo ní ọmọkùnrin méjì ní kíláàsì mi tí ìwọ̀n wọn dọ́gba; ọ̀kan ń sáré bí ẹtu, èkejì kì í lè gun òkè ilé-ìwé wa láì dúró mí. Àwọn onímọ̀ ní ohun èlò bí ẹ̀mú tí a fi ń pọ́n awọ ẹ̀yìn apá mú láti mọ bí ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ ti nípọn tó. Ẹ̀rọ mìíràn wà tí ń rán iná mànàmáná díẹ̀ gba inú ara: ẹran ara olómi a jẹ́ kí ó kọjá, ọ̀rá a dènà rẹ̀.

Tẹ́ẹ̀pù aláwọ̀ mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì tiwa ní. Ó fi yí apá òsì ọmọ ká, ní agbede-méjì èjìká àti ìgbọ̀nwọ́. Fún ọmọ oṣù mẹ́fà títí dé ọdún márùn-ún, bí apá bá dín sí sẹ̀ńtímítà 12.5, oúnjẹ kò tó o. Bí ó bá dín sí 11.5, ọ̀ràn ti le. Tiwa jẹ́ 12.1. Mo mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ti wú báyìí, ọ̀ràn ti le ná, ohunkóhun tí tẹ́ẹ̀pù ì báà sọ. Ní ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n dá ọmọ dúró ní ilé ìwòsàn.

Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n tún wọ̀n ọ́n: ìwọ̀n rẹ̀ ti dín! Ìyá mi bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó dì wọ́n mú, ó ní omi ni ó ń jáde, kí wọ́n wo ẹsẹ̀ ọmọ. Ẹsẹ̀ náà ti fẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ sì ń bínú nítorí pé wọ́n gba ife wàrà lọ́wọ́ rẹ̀.

Káàdì náà ṣì wà nínú àpótí mi. Ìlà rẹ̀ gòkè, ó já wálẹ̀, ó sì tún rọra ń gòkè. Àmì tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ní ọjọ́ tí inú wa dùn ni ó wà ní ṣóńṣó orí ibi tí ó ti já.